Ohùn Tó Ń Sọ̀rọ̀ Bí Iná Bá Lọ

Ojú ló gbé mi dé Ìlaròó. Láti ìgbà òjò ni ojú ọ̀tún mi ti ń ṣe bàìbàì, débi pé bí mo bá ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé wa ní Ayétòrò, mo ń bó ìka ọwọ́ mi mọ́ ọn. Ṣèyífúnmi, ọmọ ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlaròó, ló ní kí n máa bọ̀ kí wọ́n bá mi ṣe é. Mo wọ mọ́tò. Ọyẹ́ mú, eruku bo gbogbo igi ẹ̀bá ọ̀nà títí a fi kọjá Jọ́gà-Orílé, ṣùgbọ́n inú mi dùn, mo sì ń kọrin:

Ojú mi, ojú mi, má sùn mọ́,
Oòrùn ti là ní Ayétòrò,
Ẹ̀gẹ́ ń bẹ nílẹ̀ tá a fẹ́ bó,
Ojú mi, jí, ká jọ ríran lọ.

Dẹ́rẹ́bà ní, "Màmá, ṣé ilé ọkọ lẹ ń lọ ni?"

Mo ní, "Ojú tuntun ni mo ń lọ gbà. Tí mo bá gbà á tán, màá wá wò ọ́ dáadáa, bóyá màá fẹ́ ọ." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ṣe ojú náà, wọ́n fi òwú funfun bò ó, wọ́n ní kí n máa wá láràárọ̀ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dọ̀ Ṣèyí ni mo wá ń gbé. Tí wọ́n bá ti yẹ ojú mi wò tán, màá lọ jókòó sí gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tẹ kọ̀ǹpútà, màá máa jẹ ẹ̀pà, màá máa fi ojú kan wò wọ́n, títí ọwọ́ Ṣèyí á fi dilẹ̀ ká jọ lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọmọ tó jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni bàbá ẹ̀ fẹ́ kó ṣe. Òun ní wáyà lòun fẹ́. Ó kàwé ẹ̀ tán ní politẹ́kíníìkì, ó wọ ilé ìwòsàn yìí láti máa fa wáyà lábẹ́ tábìlì, títí orúnkún ẹ̀ fi dúdú bí orúnkún àwọn wòlíì. Àwọn kan ń bi í pé kí ni obìnrin ń wá lábẹ́ tábìlì. Ọ̀gá ibẹ̀, Akínbọ̀wálé, tó jẹ́ mánijà ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fún gbogbo ilé ìwòsàn náà, ló fà á sókè, tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, tó ń fún un ní ìdánwò ṣe. Ó máa ń sọ fún un pé iṣẹ́ mánijà kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan, pé àwọn tó ń lo ẹ̀rọ gan-an ni iṣẹ́. Ṣèyí á wá wí fún mi lórí fóònù, "Ìyá Àgbà, iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́. Mo fẹ́ jókòó sórí àga yẹn."

Nígbà òjò tó kọjá, tírélà pa Akínbọ̀wálé lójú ọ̀nà Owódé. Ṣèyí sunkún bí ẹni tí bàbá ẹ̀ kú. Wọ́n ní kó di iṣẹ́ náà mú ná títí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn á fi jókòó yan mánijà tuntun. Àga tó ń fẹ́ ló ti jókòó lé yìí, ṣùgbọ́n ó ń jókòó létí ẹ̀ ni, bí ẹni tó ń dúró de ẹni tó ni ín.

Ohun kan sì ń ṣẹlẹ̀ tí kò yé e. Ọ̀rọ̀ ń sọnù. Bí iná bá lọ, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ lọ́wọ́ á pòórá. Orúkọ aláìsàn, oògùn tí wọ́n fún un, á di òfo. Lọ́jọ́ Ajé, mo jókòó nítòsí nígbà tí Dókítà Ọláoyè, tó ni ilé ìwòsàn, pè é.

"Ṣèyífúnmi, aboyún kan wá láti Ìhùnbọ̀ láàárọ̀ yìí. Èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tá a kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sí níbẹ̀ mọ́. A tún gún un lábẹ́rẹ́. Ó ń sunkún."

"Ẹ má bínú, sà. Mo ti pààrọ̀ àwọn bátìrì. Mo ti yẹ wáyà wò."

"Ọjọ́ Ẹtì ni ìgbìmọ̀ ń jókòó. Ẹnì kan wà ní Èkó tí wọ́n fẹ́ mú wá. Tí ọ̀rọ̀ bá tún sọnù kó tó dọjọ́ náà, mi ò ní lẹ́nu tí màá fi gbè ọ́."

Ṣèyí wò mí. Mo fẹ́ kọrin fún un, orin náà ò jáde.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni mo gbọ́ ọ. Oòrùn wà lójú fèrèsé. Suliat, ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn, ń fi Rájí tó wà nídìí oògùn ṣe yẹ̀yẹ́.

"Rájí, wo bó o ṣe ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo."

"Ìka kan tèmi yìí sàn ju tìẹ lọ. Ta ló kọ baálé ilé sí yàrá àwọn olóyún lánàá?"

Mo ń rẹ́rìn-ín. Iná lọ. Fáànù tó wà lókè rọra ń yí, ó ń yí, ó dúró. Ẹsẹ̀ Ṣèyí dún lọ sẹ́yìn, sí yàrá tí ẹ̀rọ ńlá wà, nítorí òun ló ń dúró ti ẹ̀rọ yẹn títí jẹnẹrétọ̀ á fi gbé e. Gbogbo ilé dákẹ́. Ohùn ọkùnrin kan wá jáde láti inú ògiri, ohùn pẹ̀lẹ́ tó sún mọ́ni bí ẹni tó dúró lẹ́yìn àga mi:

"Iná ti lọ o. Ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín kó tó bọ́. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi."

Ó wá húkọ́. Ikọ́ kékeré, bí ẹni tí eruku bà lé lọ́nà ọ̀fun.

Gbogbo ọwọ́ ló kúrò lórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan. Suliat gbé tiẹ̀ sáyà. Rájí na tiẹ̀ sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá nàbọn sí. Ọwọ́ tèmi náà ṣí, ẹ̀pà dà sílẹ̀. Lábẹ́ tábìlì, àwọn bátìrì ń ké pí, pí, pí, bí òròmọdìẹ tí kò rí ìyá ẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ṣókùnkùn, ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ lé e, títí gbogbo wọn fi kú. Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ hó lẹ́yìnkùlé, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí yí, wọ́n sì ń mú ohun tó sọnù bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ láìwo ojú ara wọn.

Suliat sọ ọ́ wúyẹ́ sí mi létí. "Ìyá Àgbà, ẹ ò dáhùn, àbí?"

"N ò dáhùn. Ta ni?"

"Ọ̀gá Akínbọ̀wálé ni."

Rájí ló ṣàlàyé. Nígbà ayé ẹ̀ ni ọkùnrin náà gba ohùn ara ẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń gba ara ògiri sọ̀rọ̀, kí ó máa kìlọ̀ fún wọn bí iná bá lọ, nítorí bátìrì abẹ́ tábìlì kì í pẹ́. Tí èèyàn bá tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀ kí bátìrì tó kú, iṣẹ́ ẹ̀ ò ní sọnù. Ó ti kú, ohùn ò kú.

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ò tẹ̀ ẹ́ nígbà náà?"

Suliat ní, "Ẹni tí mi ò rí ló ń rán mi níṣẹ́. Tó bá ní kí n tọ́jú iṣẹ́ mi, tí mo sì tọ́jú ẹ̀, ṣé mi ò tíì dá a lóhùn nìyẹn?"

Báyẹn ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà ní Jọ́gà-Orílé. Bí o bá gbọ́ ìpè tí o ò rí ẹni tó pè, o ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ, o ò sì gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó wí, nítorí ṣíṣe pẹ̀lú, ìdáhùn ni. Ọwọ́ mi tó ṣí yẹn, èmi kọ́ ni mo ṣí i.

"Ṣèyí ńkọ́, ṣé ó mọ̀?"

"Ẹ̀yìn ló máa ń sá lọ, kò rí wa rí. Ta ló sì máa sọ fún un? Ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀? Ó máa fi wá rẹ́rìn-ín."

"Ìwọ Rájí ńkọ́? Ṣebí wọ́n ní o lọ sí yunifásítì."

"Mo lọ, Màmá. Kò síbi tí wọ́n ti kọ́ mi níbẹ̀ pé kí n máa dá òkú lóhùn."

Bí mo ti fẹ́ rẹ́rìn-ín ni mo rí obìnrin náà. Ó wà níta, lórí bẹ́ǹṣì abẹ́ fèrèsé. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó lé pẹ́ńsù sí ìpéǹpéjú, ó kun àtíkè, ó gbé kúlà oúnjẹ lé itan. Ó fi etí ti ògiri. Nígbà tí iná ìjọba dé, ó dìde, ó gbọn aṣọ ẹ̀, ó gbé kúlà, ó lọ.

Nírọ̀lẹ́, bí a ti ń ṣa ẹ̀wà lójúlé, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Ṣèyí. Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Wọn ò tẹ̀ ẹ́? Ìyá Àgbà, wọn ò tẹ̀ ẹ́ rárá?"

"Wọ́n gbé ọwọ́ sókè ni. Èmi náà gbé e."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá di pé ó ń sunkún. "Láti ìgbà òjò ni mo ti ń tú bátìrì palẹ̀!"

"Yọ ohùn náà kúrò, kó tán síbẹ̀."

Ó kó ẹ̀wà tó bọ́ nílẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ rí obìnrin abẹ́ fèrèsé yẹn? Ìyàwó ẹ̀ ni, Àǹtí Sẹ̀gilọlá. Fóònù Ọ̀gá fọ́ pẹ̀lú ẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò sí ibòmíì tí ohùn ẹ̀ wà láyé yìí mọ́. Mo ní kí n dà á sínú fóònù tiẹ̀ fún un, ó kọ̀."

"Ó kọ̀ kẹ̀?"

"Ó ní tó bá wà lọ́wọ́ òun, òun lòun á máa pè é. Ó ní nílé ìwòsàn, Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló ń wá."

Ọyẹ́ fẹ́ wọlé, mo fa aṣọ bora. Mo wá rántí nǹkan ọmọdé mi kan, mo sì sọ ọ́ fún un. Ní Jọ́gà, àgbẹ̀ kan wà, Ayọ̀dàmọ́lá. Lórí àpáta ni gbogbo abúlé máa ń sá láfún sí, òun ló sì máa ń pariwo bí ojú ọ̀run bá ṣú. Ó kú. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, a ṣì ń gbọ́ ọ lọ́sàn-án gangan lójú ọ̀nà oko: "Ẹ kó o wọlé o, òjò ń bọ̀!" Òjò sì ń bọ̀ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó kó o. Láfún jẹrà lórí àpáta, ebi pa wá, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ìpè òkú.

"Báwo ló ṣe wá tán?"

"Ìyàwó ẹ̀ ló dá a lóhùn. Òun nìkan lẹ̀rù ò bà. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ní, 'A ti gbọ́, a ti ń kó o.' A sì kó o."

Ṣèyí wò mí títí. Ó ṣa ẹ̀wà náà tán, ó gbé e kaná.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kó tó di ọ̀sán, ó mú mi dání lọ sábẹ́ fèrèsé. Sẹ̀gilọlá ti wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kúlà ò sì kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Ṣèyí ní, "Àǹtí, iṣẹ́ tí Ọ̀gá fi ohùn yẹn ṣe, kò ṣe é mọ́. Wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn ń sọnù. Lọ́la ni ìgbìmọ̀. Wọ́n lè mú ẹlòmíì wá."

Ojú obìnrin náà le. "O fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Nítorí àga."

"Mo fẹ́ àga náà. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ọ̀gá ló gbìn ín sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ká ní mo fẹ́ yọ ọ́ ni, mi ò bá ti yọ ọ́ láìbi yín. Ẹ wọlé wá ni mo wá sọ. Ẹ jókòó pẹ̀lú wọn. Tó bá sọ̀rọ̀, ẹ dá a lóhùn."

"Èmi?"

"Ta ló tún kù?"

Sẹ̀gilọlá wò mí bí ẹni pé kí n gbà á sílẹ̀. "Màmá, tí mo bá dá a lóhùn, tó bá wá lọ ńkọ́?"

N kò lè tàn án. Mo ní, "Ó ṣeé ṣe kó lọ, ọmọ mi."

Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó tún pẹ́ńsù ẹ̀ ṣe nínú dígí kékeré kan, ó gbé kúlà ẹ̀, ó sì tẹ̀ lé wa wọlé. Suliat rí i, ó fún un lága láìbéèrè. Gbogbo wa jókòó. Ẹ ò rí i bí a ti ń dúró de kí iná lọ, àwa tí a máa ń gbàdúrà kó má lọ! Rájí ní, "Lónìí tí a fẹ́ kí wọ́n mú un lọ, wọn ò ní mú un." Ẹ̀rín pa wá díẹ̀. Iná sì lọ bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Fáànù ń yí, ó dúró.

"Iná ti lọ o. Ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín kó tó bọ́. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi." Ó húkọ́.

Sẹ̀gilọlá dìde, ó kọjú sí ògiri. "A ti gbọ́, Bàbá Mọ́rẹ́. A ti ń tọ́jú ẹ̀. Ikọ́ yẹn, mo ní kó o lo oògùn sí i, o ò gbọ́." Omi bọ́ lójú ẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Suliat. "Ẹ tẹ̀ ẹ́. Mo ti dá a lóhùn fún yín."

Suliat tẹ̀ ẹ́. Rájí fi ìka kan ẹ̀ tẹ tiẹ̀. Gbogbo wọn ń tẹ̀ ẹ́, tátá, tátá, bí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Orin wá jáde lẹ́nu mi nígbà náà:

Ẹni ó pè, a ti gbọ́ o,
Ẹni ó rán wa, a ti jẹ́ ẹ,
Iṣẹ́ tó o fi sílẹ̀ ò bọ́,
Máa rọra lọ, máa rọra lọ.

Wọ́n gbè é fún mi lọ́sàn-án yẹn láìsí iná. Nígbà tí iná dé, kò sí ohun kan tó sọnù. Sẹ̀gilọlá ṣí kúlà ẹ̀. Ẹ̀wà àti dòdò ló wà níbẹ̀, ó ṣì gbóná. Ó bù ú fún gbogbo wa, ó sì dúró títí a fi jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ẹtì, ìgbìmọ̀ dé. Àwọn àgbà náà ń rìn káàkiri gbọ̀ngàn pẹ̀lú Dókítà Ọláoyè, wọ́n ń bi Ṣèyí ní ìbéèrè. Ọ̀kan ní, "Kí ló fà á tí ọ̀rọ̀ fi ń sọnù?"

Ṣèyí ò di ẹ̀bi ru bátìrì. Ó ní, "Òkú ló ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn, sà, wọn ò sì fẹ́ dá òkú lóhùn. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ẹ̀rọ ni mo ń wò, mi ò wo àwọn èèyàn."

Dókítà ní, "Ṣé ohun tá a máa kọ sílẹ̀ nìyẹn?"

Iná lọ.

Ṣèyí sá lọ sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ẹ̀. Fáànù dúró. Suliat gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà, Rájí gbé tiẹ̀ lé e, gbogbo wọn gbójú sí ògiri, wọ́n ń dúró kó sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀. A ń dúró. Bátìrì ti ń ké pí, pí. Ògiri dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú ẹ̀. Mo wo fèrèsé: bẹ́ǹṣì ṣófo. Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan, nítorí ohùn ni wọ́n ń dúró dè, ohùn ò sì dé. Mo rí i pé gbogbo ẹ̀ ti fẹ́ tún kú lójú ìgbìmọ̀. N kò mọ ìgbà tí mo dìde, èmi olójú kan, tí mo gbé e:

Iná ti lọ o, iná ti lọ,
Ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín kó tó bọ́,
Ẹ tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi, ẹ tẹ̀ ẹ́,
Ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ wá lọ́nà.

Tátá, tátá, tátá. Àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ ti ń mi orí sí i.

Wọ́n gbé Ṣèyí lé orí àga náà lóṣù tó tẹ̀ lé e. Mánijà ni! Mo jó láti ìta dé yàrá ẹ̀rọ. Ó yẹ ẹ̀rọ náà wò fínnífínní, ó ní ohun tí Ọ̀gá gbà sílẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, gígùn ẹ̀ ò dín, ṣùgbọ́n tí òun bá ṣí i, kò sí ohùn kankan nínú ẹ̀. Ó bi Sẹ̀gilọlá. Ìyẹn ní òun mọ̀, pé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn lòun kọ́kọ́ sùn dáadáa láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú.

Ó wá ku ohùn tí wọ́n máa fi rọ́pò. Ó yẹ kó jẹ́ ti mánijà. Ṣèyí la ẹnu, ó pa á dé. Ẹ̀rù ń bà á láti fi ohùn ẹ̀ sínú ògiri. Mo ní, "Fi tèmi sí i, ọkọ mi. Èmi ò ní nǹkan tí màá tún fi ṣe."

Mo kọ orin náà sínú ẹ̀rọ, mo kọ ọ́ dáadáa. Mo sì kìlọ̀ fún Suliat àti Rájí. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé èmi Lábísí ti Ayétòrò ti lọ, tí iná bá sì lọ, tí mo bẹ̀rẹ̀ orin, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́wọ́ sókè o. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì gbè é fún mi."

Suliat ní, "Ìyá Àgbà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!"

Mo ti padà sílé báyìí, ojú mi méjèèjì ń ríran, mo ń bó ẹ̀gẹ́ láìbó ìka. Ṣèyí pè mí láàárọ̀ yìí lórí fóònù. Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ìyá Àgbà, nígbà tẹ́ ẹ kọrin yẹn tán, ṣé ẹ húkọ́?"

"Rárá. Ọ̀fun mi mọ́ kedere."

"Ikọ́ kan wà níparí ẹ̀. Kékeré. Ṣé kí n gé e kúrò?"

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ lẹ́yìnkùlé, ewé ẹ̀gẹ́ ń mì. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn.

Mo ní, "Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Ó ń gbè é fún mi ni."